Ọmọ Orí Kẹ̀kẹ́ Iná Nílé Àmá

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, nínú yàrá tí a ti ń jẹun níbi iṣẹ́ wa ní Clondalkin, ọmọbìnrin ará China kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dara pọ̀ mọ́ wa gbé ọ̀rá súìtì kan sórí tábìlì, ó ní kí kálukú mú. Mo mú ẹyọ kan. Nígbà tí mo tú bébà tó wà níta, bébà mìíràn tún wà nínú, fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, tó lẹ̀ mọ́ súìtì náà, irú èyí tí kò ṣeé bó, tí wọ́n ń jẹ mọ́ ọn. Òórùn mílíìkì tó ti inú rẹ̀ jáde ni mo kọ́kọ́ dá mọ̀. Kí n tó fi í sẹ́nu, mo wẹ̀yìn wò bóyá ẹnikẹ́ni ń ṣọ́ mi. Ìyá ọlọ́mọ méjì tó ń sún mọ́ ogójì ọdún ló ń wẹ̀yìn wò nítorí súìtì! Bébà yẹn yọ́ lórí ahọ́n mi.

Ẹ̀yin àbúrò mi tí wọ́n bí sí Dublin, ẹ̀yin tí ẹ ń gbọ́ Yorùbá yékéyéké ṣùgbọ́n tó jẹ́ pé "I'm grand" lẹ fi ń dá ìyá yín lóhùn, ẹ fara balẹ̀ kí n sọ fún yín bí Clonsilla ṣe rí nígbà tí mo jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́wàá. Wọn ò tíì kọ́ àdúgbò wa parí nígbà náà. Ìlà ilé tiwa ti ní òrùlé àti fèrèsé, ṣùgbọ́n ìlà tó kọjú sí wa ṣì jẹ́ ògiri lásán, ẹrẹ̀ tó wà láàárín àwa méjèèjì sì lè gba bàtà lẹ́sẹ̀ ọmọdé. Láti àárọ̀ la ó ti máa gbọ́ òòlù àwọn kọ́lékọ́lé. Rélùwéè tó bá kọjá lẹ́bàá odò tí wọ́n gbẹ́ sẹ́yìn àdúgbò máa ń kún fún àwọn tó ń lọ síbi iṣẹ́, nítorí iṣẹ́ wà, owó sì wà nílùú. Àwọn oníwèé ìròyìn ní ọrọ̀ ajé ilẹ̀ Ireland ti di ẹkùn. Nígbà tí ìyá mi gbọ́, ó ní, "Ẹkùn kẹ̀? Ẹkùn tó bá ń fún èèyàn lóúnjẹ, kí wọ́n máa ṣọ́ èékánná rẹ̀ o."

Bí ìyá mi ṣe rí nìyẹn. Ìfura loògùn àgbà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìyá mi kì í fi ṣíbí wọn oògùn tirẹ̀, ife ńlá ló fi ń mu ún. Ó ń fura sí lẹ́tà tí kò bá mọ ibi tó ti wá. Ó ń fura sí ajá aládùúgbò tí kì í gbó. Bí wọ́n bá kọ "free" sára nǹkan ní ilé ìtajà, kò ní í fọwọ́ kàn án, á ní, "Free ti ta?" Ó ń ṣiṣẹ́ ní ilé tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn arúgbó, bó bá sì ti wọlé, ohun àkọ́kọ́ tí yóò bi mí kì í ṣe ti iṣẹ́ ilé ìwé. "Kí lo jẹ? Ta ló fún ọ? Yanu." Á wá tẹ́ imú sí mi lẹ́nu bí ọlọ́pàá tó dá awakọ̀ dúró. Òfin kan tí n kò gbọdọ̀ rú ni pé n kò gbọdọ̀ jẹun nílé ẹnikẹ́ni. Bí ebi bá tiẹ̀ ń pa mí kú, kí n sọ pé mo ti yó.

Mo mọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti wá. Ọmọ méjì ló bí ṣáájú mi ní Ìbàdàn, kò sì sí èyí tó pé ọdún mẹ́ta kó tó lọ. Nígbà tí wọ́n bí mi, etí mi òsì ní ibì kan tó gé wọnú díẹ̀, ìyá bàbá mi sì figbe ta pé àmì tí àwọn fi sára èyí tó lọ kẹ́yìn nìyẹn, pé àbíkú ti padà dé. Orúkọ tí wọ́n sọ mí, orúkọ ẹ̀bẹ̀ ni, irú èyí tí wọ́n fi ń bẹ ọmọ pé kó jọ̀ọ́ kó jókòó. Nígbà tí a fi máa dé Dublin, ìyá mi ti di àtúnbí, ó sì ní òun ò gba ọ̀rọ̀ àbíkú gbọ́ mọ́. Ṣùgbọ́n bó bá ti ń dirun fún mi, á fi àtàǹpàkò kan etí yẹn kó tó máa bá iṣẹ́ lọ.

Bàbá mi ṣì wà ní Ìbàdàn, ìwé rẹ̀ ò tíì jáde, kò sì sí ẹni tó lè dúró tì mí láàárín ìgbà tí ilé ìwé bá parí àti ìgbà tí ìyá mi bá ti ibi iṣẹ́ dé. Bí ọ̀rọ̀ ṣe kan àwọn ará China tó wà nílé kejì nìyẹn. Méì ni ọmọ wọn, kíláàsì kan náà la wà. Ìyá rẹ̀ ń dáná ní ilé oúnjẹ kan láàárín ìlú, a kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ rí i. Ẹni tó máa ń wà nílé ni ìyá bàbá rẹ̀, tí gbogbo wa ń pè ní Àmá, nítorí bí wọ́n ṣe ń pe ìyá àgbà ní ìlú wọn ní Fujian nìyẹn. Àmá ò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì kankan. Òun àti ìyá mi dúró síbi ọgbà lọ́jọ́ kan, wọ́n nawọ́ sí mi, wọ́n nawọ́ sí aago, wọ́n nawọ́ sí ilẹ̀kùn, ọ̀rọ̀ sì yanjú. Ìyá mi gbà nítorí kò sí ohun mìíràn tó lè ṣe, ṣùgbọ́n ó kìlọ̀ fún mi lẹ́ẹ̀mẹ́ta kí n tó wọ ibẹ̀.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, mo kúnlẹ̀ kí Àmá bí wọ́n ṣe kọ́ mi. Àmá rò pé nǹkan bọ́ lọ́wọ́ mi ni, òun náà bẹ̀rẹ̀, àwa méjèèjì sì ń wá nǹkan tí kò sọnù lórí kápẹ́ẹ̀tì. Méì rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú rẹ̀. Ọjọ́ yẹn la di ọ̀rẹ́. Ọmọ tín-ń-rín ni, eyín iwájú rẹ̀ méjì yọ síta díẹ̀, ó ń sọ Gẹ̀ẹ́sì bí ọmọ Dublin gan-an, ó sì mọ àwòrán ẹṣin yà. Abẹ́ tábìlì la ti ń ṣe iṣẹ́ ilé ìwé, nítorí Méì ní ibẹ̀ ni ọ́fíìsì wa. Òun ni ọ̀rẹ́ àkọ́kọ́ tí mo ní nílùú yẹn, n kò sì ní òmíràn.

Ohun tí kò jẹ́ kí ọkàn mi balẹ̀ nílé náà wà lórí "press" tó wà ní pálọ̀. Press ni àwọn ará Dublin ń pe kọ́bọ́ọ̀dù. Ère ọmọdé kan ni, kò ga ju ìgò mílíìkì lọ. Wọ́n dirun rẹ̀ sí ìdì méjì lórí, ó mú ọ̀kọ̀ lọ́wọ́ kan, ó mú òrùka ńlá lọ́wọ́ kejì, ó sì dúró lórí àgbá kẹ̀kẹ́ méjì tí iná ń jó lára wọn. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ pọ́n, ó ń rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín ọmọ tó ti ṣe ohun tí ìyá rẹ̀ ò tíì mọ̀ ni. Níwájú rẹ̀ ni Àmá ń tan igi olóòórùn sí, pẹ̀lú àwo súìtì, páálí mílíìkì kékeré, àti mọ́tò ìṣeré pupa kan.

"What's that yoke?" mo bi Méì. Yoke ni ọmọ Dublin ń pe nǹkan tí kò bá mọ orúkọ rẹ̀.

"That's the Third Prince," ó dá mi lóhùn. "Nezha. He minds kids."

Mo ti ń fura. Àgbàlagbà wo ló ń ra súìtì fún igi? Mo sì ti rí irú ẹ̀ rí. Ní Ìbàdàn, ìyá bàbá mi máa ń kó ìrèké, àádùn, ẹ̀pà àti súìtì sínú igbá fún àwọn ẹgbẹ́ ọ̀run, kí wọ́n lè jẹ́ kí n dúró. Ohun tí ọmọdé fẹ́ràn ni wọ́n fi ń bẹ ọmọdé, ẹni tó bá sì ti rí igbá yẹn lẹ́ẹ̀kan kò ní í gbàgbé.

Mo wá bẹ̀rẹ̀ sí ṣọ́ àwo náà. Lọ́jọ́ Ajé, súìtì mẹ́sàn-án ló wà níbẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, ó ku méje. Ta ló jẹ méjì? Mo jí páúdà ìyá mi díẹ̀ sínú bébà, mo wọ́n ọn sórí press yẹn láti fi mọ̀ bóyá ère náà máa ń sọ̀ kalẹ̀. Kò sí ojú ẹsẹ̀ lórí rẹ̀ lọ́jọ́ kejì. Àmá ló kàn fajú ro, ó nu gbogbo rẹ̀, bí ẹni ń sọ pé eruku inú ilé yìí ti ń di funfun. Ìgbà tó fi máa di ọjọ́ kẹrin, mo yọ́ wọ ilé ìdáná, mo sì bá Àmá níbẹ̀, ẹnu rẹ̀ ń lọ sọ́tùn-ún sósì, bébà súìtì méjì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ṣẹ́jú sí mi, ó fi ìka kan ètè. Àṣé òun ló ń bá ọmọ ọba jẹ ẹ́. Ẹ̀rín pa mí, ṣùgbọ́n ìfura mi ò tán.

Lọ́jọ́ kan tí òjò ò jẹ́ ká jáde, Méì sọ ìtàn ọmọ náà fún mi. Ó ní ọdún mẹ́ta àti oṣù mẹ́fà ló fi wà nínú ìyá rẹ̀. Nígbà tí wọ́n bí i, ẹran roboto lásán ni wọ́n rí, bàbá rẹ̀ fa idà yọ, ó là á, ọmọ sì rìn jáde nínú rẹ̀. Ọmọ náà ò gbọ́ràn sí ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Ó lọ wẹ̀ nínú òkun, ó bá ọmọ ọba inú omi jà, ó sì pa á. Ọba omi ní ẹ̀mí bàbá àti ìyá rẹ̀ lòun máa gbà dípò. Ọmọ náà ní rárá, ohun tí òun ṣe ò gbọdọ̀ kan òbí òun. Ló bá gé ẹran ara rẹ̀ fún ìyá rẹ̀, ó yọ egungun rẹ̀ fún bàbá rẹ̀, ó ní kí wọ́n gba ohun tí wọ́n fún òun padà, ó sì kú. Ìyá rẹ̀ kọ́ ojúbọ fún un ní ìkọ̀kọ̀, bàbá rẹ̀ dáná sun ún. Ìgbà tó yá ni olùkọ́ rẹ̀ fi òdòdó òṣíbàtà mọ ara tuntun fún un, ó sì padà sáyé. Láti ìgbà náà ló ti ń ṣọ́ àwọn ọmọdé.

Tayọ̀tayọ̀ ni Méì fi ń sọ ọ́, bí ẹni ń sọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó mọ bọ́ọ̀lù gbá. Èmi ní tèmi, ọwọ́ mi ti lọ sí etí mi òsì. Ọmọ tó pẹ́ kó tó dé, tó kú nígbà tó wù ú, tó sì padà wá nígbà tó wù ú! Kò sí ará Ìbàdàn tí ẹ máa sọ ìtàn yẹn fún tí kò ní í sọ orúkọ tí wọ́n ń pe irú ọmọ bẹ́ẹ̀ fún yín kí ẹ tó parí rẹ̀.

Ẹ má bi mí ìdí tí mo fi wá jí súìtì náà jẹ. Bóyá ọ̀kánjúwà ni, bóyá mo fẹ́ mọ ohun tí yóò ṣẹlẹ̀. Àmá ń sá aṣọ lẹ́yìn ilé, Méì wà ní ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Mo mú ẹyọ kan nínú àwo, mo tú u, mo jù ú sẹ́nu, mo ki bébà rẹ̀ bọ àpò yúnífọ́ọ̀mù mi. Nígbà tí mo yíjú padà, Méì dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ó wò mí, ó sọ èjìká sókè, ó padà sábẹ́ tábìlì, kò sì sọ̀rọ̀ rẹ̀ rí.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́ lọ́jọ́ kejì, ọ̀nà ọ̀fun mi ti wú, ara mi sì gbóná. Ìyá mi ti wọ aṣọ iṣẹ́. Ó wò mí lójú, ó ní, "Kí lo jẹ?"

Mo mọ̀ pé bí mo bá ní mo jalè, mo gbé. "Àmá ló fún mi," mo ní. "Ó fi sí mi lẹ́nu." Irọ́ kì í sì í fẹ́ dá rìn. Mo fi ìtàn ọmọ náà kún un, bó ṣe kú, bó ṣe padà wá, bí wọ́n ṣe ń fi súìtì bọ ọ́. Mo rò pé ìyá mi máa pariwo. Kò pariwo. Ó jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì, ó fi ọwọ́ kan etí mi, ó wá rọra sọ̀rọ̀ bíi pé kì í ṣe èmi ló ń bá sọ ọ́: "Ẹgbẹ́ ẹ ni. Wọ́n ti rí ọ níbí." Ẹ̀rù tó bà mí nígbà náà ju ti ẹgba lọ.

Ó fi bùláńkẹ́ẹ̀tì wé mi, ó fà mí lọ sílé kejì. Àmá ṣílẹ̀kùn pẹ̀lú ẹ̀rín, ó bẹ̀rẹ̀ sí da tíì sí ife. Ìyá mi ò jókòó. Ó nawọ́ sí orí press.

"Madam, what did you give my child? What is that thing you people are feeding?"

Àmá wo Méì. Òun nìkan ló lè túmọ̀, ó ti wọ yúnífọ́ọ̀mù, báàgì rẹ̀ wà léjìká. Méì wò mí. Èmi ń wo kápẹ́ẹ̀tì. Ó bá ìyá àgbà rẹ̀ sọ̀rọ̀ díẹ̀, ìyá náà mi orí, ó sọ gbólóhùn kúkúrú kan. Méì wá kọjú sí ìyá mi, ó ní, "My granny says sorry. She gave it to her. She won't do it again."

Títí dòní, n kò mọ ohun tó sọ fún Àmá. Mo kàn mọ̀ pé ó gbé irọ́ mi lé ìyá àgbà tirẹ̀ lórí, nítorí mi, ó sì jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́wàá bíi tèmi.

Ó ṣeé ṣe kí ọ̀rọ̀ náà parí síbẹ̀. Ṣùgbọ́n Àmá rí i pé mò ń gbọ̀n. Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ kàn mí níwájú orí, ó yára tan igi olóòórùn kan, ó dúró níwájú ère yẹn, ó sì béèrè nǹkan lọ́wọ́ Méì.

"She wants to know her name," Méì ní. "Her real name, like. And her birthday. And the number of your house."

"Orúkọ ọmọ mi?" Ìyá mi fò sẹ́yìn. "Jésù! Orúkọ ọmọ mi fún òrìṣà?" Ẹ̀yin náà ẹ mọ̀ ọ́n nílé yín. Èèyàn kì í fi orúkọ ọmọ rẹ̀ àti ọjọ́ ìbí rẹ̀ lé ẹni tí kò mọ̀ lọ́wọ́, ká má ṣẹ̀ṣẹ̀ wá sọ ti ẹni tó dúró síwájú ère, tí èéfín ń rú lọ́wọ́ rẹ̀. Ìyá mi fà mí jáde, ó ń fi ẹ̀jẹ̀ Jésù bo ẹnu ọ̀nà bí a ṣe ń lọ. Dókítà ní bélúbélú ló wú, ó fún mi lóògùn, ara mi sì yá kí ọ̀sẹ̀ tó parí. Ìyá mi ṣe ìdúpẹ́ ní ìjọ.

N kò wọ ilé Àmá mọ́. Obìnrin kan nínú ìjọ wa ló bẹ̀rẹ̀ sí mú mi ní ilé ìwé. Méì dúró dè mí lẹ́nu géètì fún ọjọ́ mélòó kan, èmi sì ń gba ẹ̀gbẹ́ kejì kọjá nítorí n kò lè wò ó lójú. Ìgbà tó yá, kò dúró mọ́. Kí ọdún tó parí, onílé wọn ta ilé náà, ọkọ̀ akẹ́rù sì dé. Àwa méjèèjì, èmi àti ìyá mi, ń wò wọ́n láti ojú fèrèsé òkè. Àmá ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan ère yẹn. Ó fi aṣọ òtútù ọmọ ọwọ́ wé e, ó gbé e mọ́ àyà, ó jókòó níwájú ọkọ̀, ó sì fi bẹ́líìtì di òun àti ère náà pọ̀. "Ṣé o rí i?" Ìyá mi ń sọ. "Ṣé o rí nǹkan tí mo sọ?" Méì gbójú sókè sí fèrèsé wa. Mo sá sẹ́yìn kọ́tìnnì. Ojú ló ń tì mí, ó sì ṣì ń tì mí bí mo ṣe ń kọ èyí.

Ìdí nìyẹn tí mo fi lọ bá ọmọbìnrin tó gbé súìtì wá síbi iṣẹ́ wa. Mo ṣàpèjúwe ère náà fún un. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní ìyá àgbà òun náà ní i nílé. Mo wá bi í pé kí ló dé tí wọ́n fi ń béèrè orúkọ ọmọ, ọjọ́ ìbí rẹ̀, àti nọ́ńbà ilé. Ó wò mí bíi pé ọ̀rọ̀ náà ti hàn sí gbogbo ayé. "So he can find the house," ó ní. "If a kid's sick, you have to tell him whose kid and which door. Otherwise how would he know where to go?"

Mo pe ìyá mi lórí fóònù, mo ní mò ń bọ̀ lọ́jọ́ Àìkú.

Lọ́jọ́ Àìkú, mo gba Clonsilla kọjá lọ sílé ìyá mi ní Tyrrelstown. Ẹrẹ̀ ti tán, igi tí wọ́n gbìn bíi pankẹ́rẹ́ ti ga ju òrùlé lọ, àwọn ọmọ sì ń wọ ilé ara wọn láì kan ilẹ̀kùn. Èmi náà ń jẹ́ kí tèmi máa lọ. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti dé, kí n tó mọ̀, mo ti bi wọ́n léèrè pé kí ni wọ́n jẹ, ta ló sì fún wọn. Ẹ̀rín ni wọ́n máa ń fi mí rín.

Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òótọ́ máa bá a. Tèmi ti ju ogún lọ dáadáa. Ìyá mi ń ṣa ẹ̀wà nígbà tí mo kúnlẹ̀, mo sì sọ gbogbo rẹ̀ fún un, pé Àmá ò fún mi ní nǹkan kan, pé èmi ni mo jí i.

"Mo mọ̀," ó ní. Kò tiẹ̀ gbójú sókè. "Mo bá bébà rẹ̀ lápò yúnífọ́ọ̀mù rẹ lọ́jọ́ tí mo fọ̀ ọ́. Ẹni tí wọ́n fún ní nǹkan kì í fi bébà rẹ̀ pamọ́."

"Mọ́mì, ẹ mọ̀, ẹ ò sì padà lọ bẹ̀ wọ́n?"

"Ẹ̀rù ló ń bà mí." Ọwọ́ rẹ̀ dúró lórí ẹ̀wà. "Mo ti sin méjì. Bí mo bá tọrọ àforíjì, wọ́n á ní kó o máa bọ̀. Ó sàn kí n ṣẹ arúgbó kan ju kí n tún sin ẹ̀kẹta lọ."

Inú bí mi, àánú rẹ̀ sì ṣe mí. Mo wá sọ ohun tí ọmọbìnrin yẹn ṣàlàyé fún mi, pé Àmá ń wá bí ọmọ ọba rẹ̀ yóò ṣe mọ ilẹ̀kùn wa ni, kó lè wá ṣọ́ mi kí n má bàa kú. Ìyá mi ti àwo ẹ̀wà sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó fi etí ìborùn nu ojú rẹ̀.

"Kí ni wọ́n ń pe ìyá yẹn gan-an?" ó bi mí. "Orúkọ rẹ̀. Kí n lè máa fi í sínú àdúrà."

Àmá kì í ṣe orúkọ, ìyá àgbà lásán ni. N kò mọ orúkọ ìdílé Méì pẹ̀lú, ìdí nìyẹn tí n kò fi rí i ní gbogbo ibi tí mo ti wá a lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ìbéèrè pọ̀ nílé wa nígbà náà, àràárọ̀ àti ìrọ̀lẹ́ la ń béèrè wọn, ṣùgbọ́n kò sí ọjọ́ kan tí èmi tàbí ìyá mi kan ilẹ̀kùn yẹn kí a sọ pé, ẹ jọ̀ọ́, kí ni orúkọ yín?